Àmúwá Ọlọ́hun àbí Àfọwọ́fà Ẹ̀dá? Kádàrá, Ẹ̀bi àti Ìdápadà Ẹ̀tọ́ nínú Ọ̀ràn Ìyípadà Ojú-Ọjọ́ ní Agbègbè Adágún Ṣáàdì

Ìfáàrà

Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024, omi ya wọ inú ìlú Maiduguri, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Borno, lẹ́yìn tí ìsédò Alau tí ó wà lórí odò Ngadda já. Omi bo ilé àti ọjà mọ́lẹ̀, ẹ̀mí ṣòfò, iye àwọn tí ó sì sá kúrò nílé lé ní 400,000. Nínú wọn ni àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé ogun ni ó ti kọ́kọ́ lé wọn kúrò ní abúlé wọn wá sí Maiduguri. Ibi tí wọ́n sá sí ni omi tún ti lé wọn jáde.

Bí irú ìṣẹ̀lẹ̀ báyìí bá dé, ọ̀rọ̀ méjì ni ó sábà máa ń jáde lẹ́nu àwọn onígbàgbọ́ òdodo. Àwọn kan á ní àmúwá Ọlọ́hun ni, kò sí ohun tí ẹ̀dá lè ṣe sí i. Àwọn mìíràn á ní ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ará ìlú ni ó fà á. Ọ̀rọ̀ kìíní ń sọ pé kò sí ẹlẹ́bi rárá. Ọ̀rọ̀ kejì ń sọ pé ẹni tí ìyà jẹ gan-an ni ẹlẹ́bi. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ni ó ní gbòǹgbò nínú ẹ̀sìn. Síbẹ̀, bí àwọn ènìyàn ṣe ń lò wọ́n lè mú kí ẹni tí ó jẹ gbèsè máa lọ láìsan án, kí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè sì máa tọrọ àforíjì.

Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀ wò ni èyí: bí àjálù bá dé, tí ọwọ́ ẹ̀dá sì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé ọwọ́ tí ó fà á kọ́ ni ó ń jìyà rẹ̀, kí ni ìgbàgbọ́ nínú kádàrá béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó fà á, lọ́wọ́ ẹni tí ó ń jìyà, àti lọ́wọ́ ẹni tí ó ń wò ó? Agbègbè Adágún Ṣáàdì ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé níbẹ̀ ni ìbéèrè yìí ti kan ẹ̀mí ènìyàn lójoojúmọ́, àti nítorí pé ilẹ̀ Mùsùlùmí ni. Láti ọ̀rúndún kọkànlá ni àwọn ọba Kanem ti gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní ẹ̀bá adágún náà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí adágún náà

Orílẹ̀-èdè mẹ́rin ni ó yí Adágún Ṣáàdì ká: Nàìjíríà, Nìjẹ̀r, Ṣáàdì àti Kamẹrúùnù. Ní ọdún 1964 ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa bójú tó omi tí Ọlọ́hun pa wọ́n pọ̀ lé lórí. Ní àkókò náà, omi adágún náà fẹ̀ tó nǹkan bí 25,000 kìlómítà níbùú-lóòró. Ọ̀dá ńlá dé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, òmíràn tún dé láàrin ọdún 1982 sí 1984. Nígbà tí yóò fi di àárín àwọn ọdún 1980, omi tí ó kù kò ju nǹkan bí 2,000 kìlómítà níbùú-lóòró lọ. Adágún tí ó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo wá pín sí apá àríwá àti apá gúúsù, èyí tí ó wà ní àríwá a sì máa gbẹ ní ọ̀pọ̀ ọdún.

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ yìí bí ó ti rí. Adágún náà kò gbẹ tán. Láti àwọn ọdún 1990 ni òjò ti tún ń rọ̀ dáradára díẹ̀, tí omi sì ti padà wá níwọ̀nba, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì padà sí bí ó ti rí ní àwọn ọdún 1960. Ìṣòro àwọn ará ibẹ̀ lónìí kì í ṣe ọ̀dá nìkan, àìlèsọ-bí-ọdún-yóò-ti-rí ni. Àgbẹ̀ kò mọ̀ bóyá òjò yóò pẹ́ dé tàbí yóò rọ̀ kọjá ààlà. Apẹja kò mọ ibi tí etí omi yóò wà lọ́dún tí ń bọ̀. Ní ọdún 2022, òjò rọ̀ ní Nàìjíríà, Nìjẹ̀r àti Ṣáàdì débi pé àwọn tí omi pa ní Nàìjíríà nìkan lé ní 600, àwọn tí ó sì pàdánù ilé lé ní mílíọ̀nù kan.

Ta ni ó fà á? Ìdáhùn rẹ̀ ní ìpele. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì so ọ̀dá àwọn ọdún 1970 àti 1980 mọ́ bí ìgbóná ojú òkun ṣe yí padà, èyí tí ó ti ẹ̀fúùfù òjò kúrò ní ilẹ̀ Sàhẹ́lì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé èéfín imí-ọjọ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń tú jáde nígbà náà ní ọwọ́ nínú ìyípadà òkun yìí. Ní ti òjò àrọ̀kúrò ti òde-òní, ọ̀rọ̀ náà túbọ̀ ṣe kedere. Èéfín káábọ́ọ̀nù tí ó ń jáde láti ara èédú inú ilẹ̀, epo rọ̀bì àti gáàsì ń mú kí ayé gbóná sí i, afẹ́fẹ́ tí ó gbóná a sì máa gba omi púpọ̀ sí i, tó nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 fún ìdíwọ̀n ìgbóná Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kan tí ó yẹ òjò ọdún 2022 wò rí i pé ìyípadà ojú-ọjọ́ ti mú kí irú òjò bẹ́ẹ̀ fi nǹkan bí ìlọ́po 80 súnmọ́ ìṣẹlẹ̀ ju bí ì bá ti rí lọ. Nínú èéfín káábọ́ọ̀nù tí gbogbo ayé ń tú jáde, ti ilẹ̀ Áfíríkà lápapọ̀ kò tó ìdá 4 nínú 100.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ilé náà wà níbẹ̀. A parí ìsédò Tiga ní Ìpínlẹ̀ Kano ní ọdún 1974, ti Challawa sì tẹ̀lé e ní ọdún 1992. Àwọn ìsédò wọ̀nyí mú omi dé oko àwọn kan, ṣùgbọ́n wọ́n dín ẹ̀kún-omi ọdọọdún tí ó ń bọ́ ilẹ̀ àbàtà Hadejia àti Nguru kù, níbi tí àgbẹ̀, apẹja àti darandaran mìíràn ti ń jẹun. Ní Borno, ìjọba gbèrò láti bomi rin 67,000 hẹ́kítà láti inú adágún náà. Nígbà tí omi fà sẹ́yìn, ojú ìṣàn tí wọ́n gbẹ́ dá gbẹ sílẹ̀. Ní gúúsù Nàìjíríà, òfin ọdún 1979 ní kí àwọn tí ń wa epo dẹ́kun fífi iná sun gáàsì láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1984. Iná náà ń jó títí di òní.

Kádàrá kì í ṣe àwáwí

Ìgbàgbọ́ nínú kádàrá, rere rẹ̀ àti aburú rẹ̀, wà lára òpó ìgbàgbọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kò sí ewé tí ó ń já bọ́ láìsí ìmọ̀ Ọlọ́hun tí ọlá Rẹ̀ ga. Mùsùlùmí kan kò gbọdọ̀ jiyàn èyí. Ìbéèrè tí ó wà níbẹ̀ ni pé: kí ni ìgbàgbọ́ yìí wà fún?

Nínú Suuratu Ar-Rūm, áyà 41, Ọlọ́hun so ìbàjẹ́ tí ó fojú hàn lórí ilẹ̀ àti nínú omi mọ́ ohun tí ọwọ́ àwọn ènìyàn fi ṣiṣẹ́, Ó sì fi yé wa pé díẹ̀ nínú èso iṣẹ́ wọn ni Ó ń jẹ́ kí wọ́n tọ́ wò kí wọ́n lè padà. Bí ó bá jẹ́ pé kádàrá pa ẹ̀bi ẹ̀dá rẹ́, áyà yìí kì bá ti ní ìtumọ̀. Bákan náà, nínú Suuratu Al-An‘ām, áyà 148, Ọlọ́hun bá àwọn ọ̀ṣẹbọ wí lórí àwáwí wọn pé bí kò bá jẹ́ ìfẹ́ Ọlọ́hun ni, àwọn kì bá tí bọ òrìṣà. Ẹni tí ó tú májèlé sínú odò tí ó sì ní àmúwá Ọlọ́hun ni ń rìn ní ọ̀nà wọn.

Hádíìsì kan tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ròyìn àríyànjiyàn Ànábì Ādam àti Ànábì Mūsā (kí ọlà Ọlọ́hun máa bá wọn). Mūsā bi Ādam léèrè nípa bí ó ṣe mú ọmọ ènìyàn jáde kúrò nínú ọgbà ìdẹ̀ra, Ādam sì fi kádàrá dá a lóhùn, Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì sọ pé Ādam ni ó borí. Àwọn kan ti fi hádíìsì yìí ṣe ẹ̀rí pé kádàrá ń gba ẹlẹ́ṣẹ̀ sílẹ̀. Àwọn onímímọ̀ bíi Ibn Taymiyyah àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ Ibn al-Qayyim tako èyí. Àlàyé wọn ni pé àjálù, ìyẹn jíjáde kúrò nínú ọgbà, ni Mūsā béèrè nípa rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí Ādam ti ronúpìwàdà lórí rẹ̀. Wọ́n wá fi ìlànà kan lélẹ̀: èèyàn lè fi kádàrá ṣe ẹ̀rí lórí ìyà tí ó jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kò lè fi ṣe ẹ̀rí lórí àìdára tí ó ṣe.

Ìlànà yìí ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ náà. Obìnrin tí omi gbé ilé rẹ̀ lọ ní Maiduguri lè sọ pé kádàrá ni, kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Sùúrù rẹ̀ yóò sì ní ẹ̀san. Ẹni tí ó yẹ kí ó tún ìsédò ṣe, tí kò tún un ṣe, kò ní ẹ̀tọ́ sí ọ̀rọ̀ náà. Ìwòsàn ni kádàrá jẹ́ fún ẹni tí a ṣe lọ́ṣẹ́. Kì í ṣe aṣọ tí ẹni tí ó ṣe ọṣẹ́ yóò fi bora.

Ìwà àwọn sàábé fi èyí hàn. Nígbà tí Kálífà Umar ọmọ al-Khaṭṭāb (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù, tí ó gbọ́ pé àjàkálẹ̀-àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ó pinnu láti padà. Abū ‘Ubaydah bi í léèrè bóyá kádàrá Ọlọ́hun ni ó ń sá fún. Umar dáhùn pé láti inú kádàrá Ọlọ́hun ni àwọn ń sá lọ sínú kádàrá Ọlọ́hun. Ó wá fi ọ̀rọ̀ darandaran ṣe àkàwé: bí ẹnì kan bá kó ràkúnmí rẹ̀ dé àfonífojì tí ìhà kan rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, tí ìhà kejì sì gbẹ, ìhàkíhà tí ó bá ti da ẹran rẹ̀, nínú kádàrá Ọlọ́hun ni. Ẹni tí ó yan ìhà gbígbẹ nígbà tí ó ní agbára láti yan ìhà tútù kò lè sọ pé òun kò yan nǹkan kan.

Ṣé ìyà ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ ni?

Ọ̀rọ̀ kejì tí ó sábà máa ń jáde lẹ́nu, pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ó fà á, béèrè ìṣọ́ra púpọ̀. Òtítọ́ ni pé Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé so àjálù mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀dá ní ọ̀pọ̀ ibi. Ṣùgbọ́n kò fún ẹnikẹ́ni ní àṣẹ láti tọ́ka sí abúlé kan pé ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn ni ó pa wọ́n. Nínú Suuratu Al-Anfāl, áyà 25, Ọlọ́hun kìlọ̀ fún wa nípa àdánwò tí kì yóò mọ sọ́dọ̀ àwọn alábòsí nìkan. Èyí túmọ̀ sí pé ẹ̀ṣẹ̀ lè jẹ́ ti ẹnì kan, kí àjálù sì balẹ̀ sórí ẹlòmíràn. Nínú Suuratu Al-An‘ām, áyà 164, Ó tún fi yé wa pé ẹlẹ́rù kan kì yóò ru ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn.

Àkàwé tí ó ṣe kedere jù lọ ni ti ọkọ̀ ojú-omi tí al-Bukhārī gbà wá láti ọ̀dọ̀ an-Nu‘mān ọmọ Bashīr. Àwọn ènìyàn pín ọkọ̀ láàrin ara wọn, àwọn kan wà lókè, àwọn kan wà nísàlẹ̀. Àwọn ti ìsàlẹ̀ a máa gba ọ̀dọ̀ àwọn ti òkè kọjá láti fa omi. Wọ́n wá ronú láti lu ihò sí apá tiwọn kí wọ́n má baà yọ àwọn ti òkè lẹ́nu. Ẹ̀kọ́ Ànábì ni pé bí a bá fi wọ́n sílẹ̀, gbogbo wọn ni yóò ṣègbé. Bí a bá dì wọ́n lọ́wọ́ mú, gbogbo wọn ni yóò là. Yorùbá náà mọ èyí nígbà tí wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Nínú ọ̀ràn ìyípadà ojú-ọjọ́, ìjókòó inú ọkọ̀ náà yí padà. Àwọn tí ó wà lókè ni ó lu ihò tí ó tóbi jù. Àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ ni omi sì kọ́kọ́ ń bá. Bí omi bá dé orúnkún ẹni tí ó wà nísàlẹ̀, tí wọ́n sì ń sọ fún un pé kí ó lọ ronúpìwàdà nítorí ihò tí ẹlòmíràn lù, wọ́n ti ṣe àbòsí fún un lẹ́ẹ̀kejì. Ìrònúpìwàdà jẹ́ ọ̀ranyàn lórí gbogbo ẹ̀dá nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n kò yẹ kí á máa fi bo orúkọ ẹni tí ó lu ọkọ̀ mọ́lẹ̀.

Ta ni yóò san án?

Àwọn tí a bá béèrè gbèsè yìí lọ́wọ́ wọn ní àwáwí méjì tí ó lágbára. Èkíní: wọn kò mọ̀. Àwọn tí ó ń jó èédú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò gbèrò láti pa ẹran ọ̀sìn ẹnikẹ́ni ní Borno. Èkejì: wọ́n ti kú. Àwọn tí ó wà láyé lónìí kọ́ ni ó ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣé a lè gba owó lọ́wọ́ ọmọ nítorí ohun tí bàbá àgbà ṣe láìmọ̀?

Ìmọ̀ òfin Ìsìláàmù ti dáhùn irú ìbéèrè yìí tipẹ́tipẹ́ ní ojú ọ̀nà mìíràn. Nínú Suuratu An-Nisā’, áyà 92, ẹni tí ó bá ṣèèṣì pa onígbàgbọ́ yóò tú ẹrú kan sílẹ̀, yóò sì san owó ẹ̀jẹ̀ (diyah) fún àwọn ènìyàn òkú, àyàfi bí wọ́n bá fi í tọrẹ. Kò gbèrò láti pa á. Síbẹ̀, ẹbí kan ti pàdánù ènìyàn wọn, ẹ̀tọ́ wọn kò sì kú nítorí pé apààyàn kò mọ̀. Àwọn onímímọ̀ òfin tún sọ ọ́ di ìlànà pé ẹni tí ó bá ba dúkìá ẹlòmíràn jẹ́ yóò dí i, yálà ó mọ̀ọ́mọ̀ ni tàbí ó ṣèèṣì. Ìmọ̀ọ́mọ̀ ni ó ń ya ẹ̀ṣẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àṣìṣe lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Àdánù ni ó ń fa ìdápadà láàrin àwọn ẹ̀dá. Àti pé láti ìgbà tí àwọn onímọ̀ ti fi ìmọ̀ yìí hàn gbogbo ayé, tí àwọn orílẹ̀-èdè sì ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lórí rẹ̀ ní ọdún 1992, kò tún sí ẹni tí ó lè sọ pé òun kò mọ̀.

Ní ti àwáwí kejì, ta ni ó ń san owó ẹ̀jẹ̀ àṣìṣe? Sunnah fi hàn pé àwọn mọ̀lẹ́bí ẹni tí ó ṣèèṣì, tí à ń pè ní ‘āqilah, ni yóò dá a san, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò sí níbẹ̀. Èyí kò tako áyà tí ó ní ẹlẹ́rù kan kì yóò ru ẹrù ẹlòmíràn. Wọn kò ru ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Àtúnṣe ni wọ́n ń bá a ṣe, nítorí pé àwọn ni wọ́n jọ ń jẹ àǹfààní ara wọn. Bákan náà, nínú Suuratu An-Nisā’, áyà 11, a gbọdọ̀ san gbèsè òkú kí á tó pín ogún rẹ̀. Ọmọ kò jogún ẹ̀bi bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè jogún ilé kí ó sì kọ gbèsè tí ó wà lórí ilé náà. Ìlànà kan nínú òfin so ó pọ̀: ẹni tí ó ń jẹ èrè nǹkan ni yóò ru àdánù rẹ̀. Ọrọ̀ tí èédú àti epo kó jọ wà níbẹ̀ títí di òní. Ojú ọ̀nà, ilé-ìwòsàn àti ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó kọ́ wà níbẹ̀. Gbèsè rẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè ayé fẹnu kò ní Sharm el-Sheikh ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 láti dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn tí ìyípadà ojú-ọjọ́ ti ṣe lọ́ṣẹ́, ojú tí ó yẹ kí Mùsùlùmí fi wò ó kì í ṣe ojú sàráà. Ẹni tí ó ń ṣe sàráà lè ṣe é lónìí kí ó má ṣe é lọ́la, a ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ń san gbèsè kò ní irú òmìnira bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin yìí kò mọ ojú. Bí ó ti de àwọn ti òkè ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ó de àwọn ti ìsàlẹ̀. Aláṣẹ tí ó sé odò láìwo ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀ odò jẹ wọ́n ní gbèsè. Ẹni tí a fi ìsédò ṣọ́, tí ó jáfara, jẹ àwọn tí omi gbé lọ ní gbèsè, nítorí pé olùfọkàntán tí ó bá ṣe ìjáfara (tafrīṭ) ni òfin ń bi. Bí owó ìdápadà bá sì ti ilẹ̀ òkèèrè dé, tí ó wọ àpò àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ tí a tìtorí rẹ̀ gbà á, àbòsí kejì ti gun orí àbòsí kìíní, ẹni tí ó ṣe èkejì kò sì ní àwáwí àìmọ̀.

Omi, koríko àti àwọn tí ó kéré

Bí ilẹ̀ bá ń gbẹ ní àríwá, darandaran á máa da ẹran rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sí gúúsù, yóò sì pàdé oko àgbẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìjà tí ó ń ti ibẹ̀ jáde ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ní Nàìjíríà. Ojú-ọjọ́ nìkan kọ́ ni ó fà á. Àìdára ìṣàkóso, ìbọn tí ó kún ìgboro àti ìkórìíra ẹ̀yà wà níbẹ̀, ọ̀dá kò sì sọ ìpànìyàn di ẹ̀tọ́. Síbẹ̀, Ṣàríà ní ohun tí ó sọ ṣáájú ìjà. Ànábì kọ́ wa pé àwọn ènìyàn jọ ní ìpín nínú omi, koríko àti iná, ó sì kọ̀ fún ẹni tí omi rẹ̀ ṣẹ́ kù láti fi du ẹlòmíràn kí koríko àyíká rẹ̀ lè di tirẹ̀ nìkan.

Ó tún fi ilẹ̀ an-Naqī‘ pamọ́ fún jíjẹ ẹran ìlú, èyí tí à ń pè ní ḥimā. Nígbà ìjọba Umar, ìlànà tí ó fún Hunayy tí ó fi ṣọ́ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ ńlá: kí ó jẹ́ kí àwọn tí ràkúnmí àti àgùntàn wọn kéré wọlé, kí ó sì ṣọ́ra fún ẹran Ibn ‘Awf àti Ibn ‘Affān. Sàábé pàtàkì ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ni pé bí ẹran wọn bá kú, wọ́n ní oko tí wọ́n lè padà sí. Ẹni tí ẹran rẹ̀ kéré yóò wá bá olórí pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn. Ìjọba Àríwá Nàìjíríà ṣe òfin ilẹ̀ ìjẹko ní ọdún 1965. Ìbéèrè Umar ni ó yẹ kí á fi wọn irú òfin bẹ́ẹ̀: ṣé ẹni tí ó kéré jù ni ó ń kọ́kọ́ wọlé?

Ní ọdún 18 lẹ́yìn Hijra, ọ̀dá mú ilẹ̀ Lárúbáwá débi pé wọ́n pè é ní Ọdún Eérú. Umar kò jẹ ẹran tàbí òrí títí tí ìyàn náà fi kúrò lọ́rùn àwọn ènìyàn, àwọ̀ ara rẹ̀ sì yí padà. Ó ránṣẹ́ sí àwọn gómìnà rẹ̀ ní ilẹ̀ mìíràn kí wọ́n kó oúnjẹ wá. Ó dá gbígba sáká dúró di ọdún tí ó tẹ̀lé e, kò sì gé ọwọ́ ẹni tí ebi sọ di olè. Umar mọ̀ pé kádàrá ni ọ̀dá náà. Ìmọ̀ yìí ni ó mú kí ó dìde.

Ohun tí ó wà ní ọwọ́ ẹni

Ẹni tí ó bá ń dúró de kí àwọn ti òkè san gbèsè kí ó tó ṣe ojúṣe tirẹ̀ ti sọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ di àwáwí. Yacouba Sawadogo, àgbẹ̀ kan ní àríwá Burkina Faso, tí wọ́n rán lọ sí ilé-kéwú ní Mali nígbà èwe rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kòtò kéékèèké sínú ilẹ̀ gbígbẹ nígbà ọ̀dá àwọn ọdún 1980. Ó ń kó ìgbẹ́ ẹran sínú wọn ṣáájú òjò kí omi lè dúró. Zaï ni wọ́n ń pe irú kòtò bẹ́ẹ̀. Àwọn ará abúlé fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì ti iná bọ igbó rẹ̀ rí. Kí ó tó kú ní ọdún 2023, aṣálẹ̀ náà ti di igbó. Ní agbègbè Maradi àti Zinder ní Nìjẹ̀r, àwọn àgbẹ̀ dẹ́kun gígé èéhù igi tí ó ń hù lára kùkùté inú oko wọn. Ilẹ̀ tí ó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà ni igi ti padà sí. Hádíìsì tí Imām Aḥmad gbà wá, pé bí Ọjọ́ Àjíǹde bá dé bá ẹni tí ó mú igi gbígbìn lọ́wọ́, kí ó gbìn ín bí ó bá lè ṣe é, kò ní àlàyé tí ó dára ju iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí lọ. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Àgbálọgbábọ̀

Bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀, sunnah ni kí àwọn Mùsùlùmí jáde lọ kí ìrun wíwá òjò. Nínú Mukhtaṣar ti Khalīl, ìwé tí àwọn onímímọ̀ Mālikī ti ń kà ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láti ọjọ́ pípẹ́, ìlànà kan wà nípa ìrun náà tí ó yẹ kí á ronú sí. Ó dára kí àwọn ènìyàn gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú rẹ̀, kí wọ́n sì ṣe sàráà, ṣùgbọ́n imáàmù kì yóò fi àṣẹ mú wọn ṣe méjèèjì yìí. Ohun tí imáàmù yóò pa láṣẹ ni ìrònúpìwàdà àti ìdápadà ẹ̀tọ́ fún ẹni tí ó ni í.

Ètò yìí ni ìdáhùn sí ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ààwẹ̀ lè dúró, sàráà lè dúró. Gbèsè ni kò lè dúró. Ẹni tí ó bá ń gbé ọwọ́ sókè wá òjò nígbà tí dúkìá ẹlòmíràn wà ní ọwọ́ náà, yálà olórí orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ ni, tàbí aláṣẹ ìsédò, tàbí onílẹ̀ tí ó dí ojú omi mọ́ ẹnìkejì rẹ̀, kò tíì ṣetán láti kírun. Àwọn imáàmù wa tí ó ń ṣe wáàsí lórí mínbárì lẹ́yìn àjálù kọ̀ọ̀kan lè máa kọ́ àwọn tí ìyà jẹ ní sùúrù, iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n àṣẹ tí òfin gbé lé wọn lọ́wọ́ kọjá bẹ́ẹ̀: kí wọ́n kọjú sí ẹni tí ó jẹ gbèsè, kí wọ́n sì sọ fún un pé kí ó dá ẹ̀tọ́ padà kí á tó jáde lọ sí yídì.

Ọlọ́hun ni Onímímọ̀ jù lọ.